Bí a ṣe ń gbádùn ìṣubú ẹgbẹ́ ọ̀tá nínú básíkẹ́tì oṣù kẹta, láti Ìkòròdú

Nínú ìdíje básíkẹ́tì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tó máa ń wáyé lóṣù kẹta, gbogbo ìpàdánù kọ́ ló dùn. Kí North Carolina na Duke, àgbà méjì ló gbé ara wọn ṣánlẹ̀ yẹn. Èyí tó ń dùn dé eegun ni kí ẹgbẹ́ tí ọ̀rẹ́ yín ti fi ń yọ yín lẹ́nu láti oṣù kọkànlá bọ́ sọ́wọ́ yunifásítì tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé ó wà láyé. Òru wa ni irú rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí, nítorí náà ẹni tí kò bá múra á sùn kọjá rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yan ọ̀tá. Ẹyọ kan tó, méjì ló pọ̀ jù. Kó jẹ́ ẹgbẹ́ olórúkọ ńlá tí àwọn olùṣètò tò sí ipò kìíní dé ìkẹta bí agbára wọn ṣe tó, kó sì ní olólùfẹ́ kan nítòsí yín, ì báà jẹ́ ní Àgríc tàbí Sábó, torí ayọ̀ tí kò rí ẹni tí yóò bí nínú kì í pẹ́ tán. Ẹ yẹ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wò kí ẹ tó búra o, ọmọ wa lè wà níbẹ̀. Kentucky ni Bam Adebayo ti gbá kó tó lọ sí NBA. Houston ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, wà ní 1983 nígbà tí North Carolina State tí wọ́n tò sí ipò kẹfà fi 54–52 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ bí aago ṣe ń kú lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn, ẹ̀rín Houston á máa há a lọ́fun.

Ẹgbẹ́ 68 ló ń wọlé. Lẹ́yìn ìdíje ìṣáájú ó ku 64, ní ọ̀nà mẹ́rin, 16 ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ipò 1 á pàdé 16, 2 á pàdé 15, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ti ń lọlé nìyẹn. Ipò 12 máa ń na ipò 5 tó bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ẹ má fi ìyẹn pariwo. Ẹran tó lọ́ràá ni kí 15 na 2: Lehigh na Duke 75–70 ní 2012, Princeton na Arizona 59–55 ní 2023. Kí 16 na 1, títí di 2025, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin: UMBC na Virginia 74–54 ní 2018, Fairleigh Dickinson na Purdue 63–58 ní 2023. Àwọn obìnrin ti ṣáájú wọn ṣe é: Harvard na Stanford 71–67 ní 1998.

Aago ni wàhálà. Láti Sunday kejì oṣù kẹta ni Amẹ́ríkà máa ń sún aago wọn síwájú, nítorí náà wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú New York, kò tó mẹ́fà mọ́. Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ ni ọjà kún jù, ìdíje 16 lójúmọ́. Èyí àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 5:15 ìrọ̀lẹ́ wa, ti ìkẹyìn lè di aago mẹ́ta òru. Ẹni tó ń gba BRT lọ TBS kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 má bàa mú un ti ní àǹfààní: kó sùn ní aago mẹ́sàn-án, kó fi àlàámù sí mẹ́ta ààbọ̀, kó wo ìparí rẹ̀ lórí ìlà ọkọ̀. Àmọ́ kó di fóònù mú gírígírí.

Ẹ má wo gbogbo rẹ̀. Fídíò 480p ń jẹ nǹkan bí 700 MB ní wákàtí kan, ìdíje kan sì ń gba bíi wákàtí méjì. Èsì nìkan ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò. Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ dátà. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ lórí aago wọn, tí àlàfo ò ju póìǹtì mẹ́fà lọ, ẹ wá ṣí fídíò. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn á tó bí ìdajì wákàtí, torí fáòlù àti ìsinmi tí àwọn kóòṣì ń pè, nítorí náà 350 MB ti tó. Pawa báńkì 10,000 mAh kì í kún fóònù 5,000 mAh lẹ́ẹ̀mejì bí ìṣirò ṣe ń tan èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ ni. Bí NEPA bá mú iná wá lọ́sàn-án, ẹ fi í sí iná lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dalẹ́.

Wàyí o, ohun tí ojú ń wá. Àkọ́kọ́ ni ìfalẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni òfin fún ẹgbẹ́ kó fi ju bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ kékeré bá ń lò ó dé 25 ní gbogbo ìgbà, ó ń dín iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù máa kan ẹgbẹ́ ńlá lọ́wọ́ kù ni, ìyàtọ̀ agbára wọn ò sì ní ráyè hàn nínú ìṣẹ́jú 40. Virginia fúnra wọn ló fẹ́ràn ìfalẹ̀, òun ló sì kó bá wọn: 21–21 ni wọ́n fi sinmi, UMBC wá bẹ̀rẹ̀ sí sáré, wọ́n ju póìǹtì 53 ní ìlàjì kejì, ẹni tó mọ ìfalẹ̀ nìkan ò sì mọ bí a ṣe ń lé ẹni tó ti lọ.

Ìkejì ni jíjù láti òkèèrè, tó ń mú póìǹtì mẹ́ta wá. Ní 2024, Jack Gohlke ti Oakland ju ogún irú rẹ̀ sí Kentucky, mẹ́wàá wọlé, wọ́n borí 80–76. Ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ajù. Bó bá ti ń fi ìṣísẹ̀ kan pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nǹkan ti ń jinná.

Ìkẹta, fáòlù. Ẹni tó bá jẹ márùn-ún á jáde. Bí òmìrán ẹgbẹ́ ńlá bá ti jẹ méjì kí wọ́n tó sinmi, kóòṣì sábà máa ń fi í jókòó. Ti Purdue ò tilẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn. Zach Edey ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, Fairleigh Dickinson ló sì kúrú jù nínú gbogbo Division I, ìpele tó ga jù nínú básíkẹ́tì yunifásítì, lọ́dún náà. Wọ́n fi ẹnì kan síwájú rẹ̀, wọ́n fi òmíràn sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa ju láti òkèèrè. Nínú 26 tí Purdue jù, márùn-ún ló wọlé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn tètè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 40, tí àlàfo jẹ́ mẹ́rin, kò tíì parí. Ẹgbẹ́ tó ń pàdánù á máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ fáòlù kí aago lè dúró, ẹgbẹ́ kékeré á lọ dúró sídìí ìlà láti ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Láti fáòlù keje dé ìkẹsàn-án tí ẹgbẹ́ kan lápapọ̀ jẹ ní ìlàjì kan, ẹni tó bá tàsé àkọ́kọ́ kì í rí èkejì jù. Láti ìkẹwàá ló tó di méjì. Ẹ dúró dìgbà tí fèrè ìkẹyìn bá dún.

Íápíìsì ni kẹ́ ẹ fi wò ó, ẹ má sì figbe ta. Ìkòròdú ò tíì gbàgbé òru àwọn Badoo, àwọn tó ń wọlé pa èèyàn. Ọdẹ àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn yín. Ìrọ̀rí wà níbẹ̀, ẹ bù ú jẹ.

Yẹ̀yẹ́ di àárọ̀. Sí ojúgbà yín, èsì nìkan tó: “74–54”, láìfi ẹ̀rín kún un. Bó bá ju yín lọ, ẹ kí i bíi ti ọ̀fọ̀: “Bọ̀dá mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.” Kò sí bí yóò ṣe bínú sí ẹni tó kí i. Ẹ má fi owó sí i o. Mọ́ínmọ́ín méjì tàbí malt kan tó.

Kí ẹ tó yọ̀ jù, ẹ wo bracket, àtẹ tó ń fi ẹni tó máa pàdé ẹni hàn, kẹ́ ẹ rí ẹni tí kékeré yẹn tún máa pàdé. Ní 2022, Saint Peter’s, ipò 15, na Kentucky 85–79 nínú àfikún àsìkò. Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tí wọ́n fi na Purdue náà 67–64. Ẹni tó bá fi ojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Yẹ̀yẹ́ pàápàá ń bà jẹ́ bí oúnjẹ: Virginia tí wọ́n fi ṣẹ̀sín ní 2018 ló gba ife ní 2019.

Bó bá wá jẹ́ tiyín ló ṣubú, ẹ pa dátà, ẹ má pa fóònù. Àlàámù BRT ṣì wà nínú rẹ̀.