Bó o ṣe lè fi páìpù ṣe ibùba ẹja sínú adágún

Ẹja kékeré fẹ́ràn ibi tó lè sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà ni ẹja ńlá á sì ti wá wá wọn jẹ, torí náà igi ayédèrú la fẹ́ ṣe. Wá bọ́kẹ́ẹ̀tì àlòkù, èyí tí kẹ́míkà ò wọ̀ rí o, gbé páìpù PVC bíi mítà kan sáàárín ẹ̀, da kọnkéré sí i, kó o fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá ti le, lu ihò la páìpù yẹn kọjá káàkiri, kó o wá máa ki họ́ọ̀sì àtijọ́ tó ṣì le dáadáa bọ̀ ọ́ bí ẹ̀ka. Má jẹ́ kí àwọn ẹ̀ka náà fún mọ́ra jù.

Èyí táwọn èèyàn máa ń fò rèé: fi sáńdípépà ha gbogbo ara ẹ̀, torí páìpù tó ń dán kì í tètè hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára òkúta inú omi yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń fa ẹja kékeré. Lu ihò sókè àti sísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè má dúró dáadáa nísàlẹ̀.

Gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó lomi kó o tó gbé e wọ̀ ọ́, má gbé e síbi tí ọkọ̀ ń gbà, okùn ni kó o sì fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, má jù ú.