Òjò Àkọ́rọ̀ Kọ́ Ni Òjò Ìgbìn

Ọdọọdún là ń rí i láàárín oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Òjò kan ṣoṣo á tẹ̀lé ìjì wá, ilẹ̀ á tutù, tọmọdé tàgbà á sì gbé irúgbìn lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gbẹlẹ̀ á ti dé. Àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ á ká ewé jọ bí ewé àlùbọ́sà, á sì kú.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń ti ara wọn lórí ilẹ̀ wa. Èyí tó ń bọ̀ láti orí òkun, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ló ń gbé ọ̀rinrin wá. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, gbígbẹ ni. Lóṣù Kìíní, ìpàdé àwọn méjèèjì kì í jìnnà sí etíkun. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti ré kọjá Kánò àti Sókótó. Lóṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ òkun ṣì fẹ́lẹ́. Ìjì lè ti ìlà oòrùn jà lálẹ́ òní, kí ilẹ̀ sì tún gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nítorí náà, ẹ wọn òjò. Ẹ wá agolo tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, ẹ so ó mọ́ orí òpó tó ga tó mítà kan, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó. Bí òjò bá ti dá, ẹ ki rúlà bọ̀ ọ́, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì da omi náà nù.

Ẹ má gbin àgbàdo àfi tí agolo bá gba milimítà 20, ó kéré tán, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí òjò mìíràn sì tún rọ̀ kó tó pé ọjọ́ méje. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wọ sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ fún un mọ́wọ́. Bó bá dì mọ́ra, ẹ gbìn. Bó bá fọ́n ká, ẹ padà sílé. Orí ilẹ̀ lọ̀pọ̀ yín ń wò, bẹ́ẹ̀ òjò ìjì tó rọ̀ kíkankíkan máa ń ṣàn lọ ni, kì í rinlẹ̀.

Pé aládùúgbò yín ti gbìn kì í ṣe ìdí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ gbìn. Kílò 20 ni irúgbìn hẹ́kítà kan. Owó ilé ni, ẹ má fi ta tẹ́tẹ́. Ẹni tí kò bá lè mú sùúrù rárá, kó gbin ìdá kan nínú mẹ́rin oko rẹ̀. (Iṣu kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, a lè gbìn ín kí òjò tó dé, bá a bá ṣáà ti fi koríko bo orí ebè.) Níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, máa ń kéde ìgbà tí òjò yóò fìdí múlẹ̀ lágbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níjọba ìbílẹ̀ yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ìjì yìí kan náà ló ń ṣí páànù. Ẹ kan ìṣó tó ti tú nísinsìnyí. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá; bí àrá bá sán kẹ́ ẹ tó ka 30, ẹ wọlé, ẹ má sá sábẹ́ igi máńgòrò. Kẹ́nikẹ́ni má sì jáde lọ wo agolo àfi lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 tí àrá ti sán kẹ́yìn.