Ìjì ń bọ̀ wá sí Houston: àwọn àṣìṣe tó ń gbówó lọ lọ́wọ́ àwọn ará wa

Kí ìjì tó kúrò ní Caribbean, fóònù mi á ti gbóná. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, jẹnẹrétọ̀ wo ni kí n rà?" Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, kí n sì máa bá ènìyàn fa wáyà rẹ̀ wọlé, ní Katy, Richmond àti Cypress lẹ́bàá Houston ní Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ń gbé. A jìnnà sí òkun, omi òkun ò lè bá wa níbí. Atẹ́gùn là ń retí, ọjọ́ mélòó kan la sì fi ń retí rẹ̀ kó tó dé. Ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an ni ẹ̀rù máa ń bá yín náwó. Ó ti sú mi láti máa wò ó.

1. Ẹ má wo ìlà àárín àwòrán ìjì nìkan. Àwòrán tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ibi tí ojú ìjì lè gbà kọjá ló ń sọ, kò sọ ibi tí atẹ́gùn máa dé. Lọ́dún 2024, apá Mẹ́síkò ni wọ́n kọ́kọ́ ní ìjì Beryl dorí kọ, làwọn ènìyàn bá túra sílẹ̀. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ 8 oṣù Keje, Matagorda ní etíkun Texas ló gúnlẹ̀ sí, Category 1 péré, ìpele tó kéré jù nínú márùn-ún. Matagorda wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn wa, nítorí náà apá ọ̀tún ìjì, tó máa ń le jù, ló gbà orí wa kọjá. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 oníbàárà tí iná kú mọ́ lórí. Ẹni tó bá tún ní "Category 1 lásán ni", kó má sọ ọ́ létí mi.

2. Ẹ má lẹ téèpù mọ́ gíláàsì fèrèsé. Kò ṣe nǹkan kan.

3. Ẹ má sáré lọ kún fírísà. Ọdọọdún ni mo ń rí ẹni tó ra odidi ewúrẹ́ lọ́sẹ̀ tí ìjì ń bọ̀. Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, wákàtí 48 ló lè fi tutù. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríìjì, wákàtí 4. Lẹ́yìn Beryl, àwọn kan lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìsí iná, nínú ooru oṣù Keje. Ohun tó bá wà nílé, ẹ sè é, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́.

4. Ẹ má sá kúrò nílé nítorí atẹ́gùn nìkan. Omi là ń sá fún. Ní ti atẹ́gùn, inú ilé là ń sá sí, àfi tí ilé yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọ́ (mobile home), tàbí tí ẹnìkan bá wà nílé tí kò lè ṣe láìsí ẹ̀rọ oníná. Ní 2005, nígbà ìjì Rita, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀sì tó kó àwọn arúgbó láti Bellaire gbiná nítòsí Dallas, 23 ló kú. Lálẹ́ ọjọ́ ìjì, yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ní fèrèsé ni kẹ́ ẹ sùn, lápá ibi tí igi ńlá ò sí. Lọ́jọ́ Beryl, inú ilé ni igi ti wó pa ẹnìkan lápá Humble.

5. Jẹnẹrétọ̀. Ìyàwó mi ní tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó bá ní nǹkan lórí iná lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná, torí mi ò ní tètè dákẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ilé wá, ẹ gbà pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ yín ní nǹkan kan nípa jẹnẹrétọ̀. Ó yé mi. "I better pass my neighbour" la fi kàwé. Nígbà tí aládùúgbò yín bá ń wá tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ti ń fa okùn. Àmọ́ ìmọ̀ yẹn náà ló ń kó bá yín. Ilé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù, afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé jáde. Pákó ni tibí, wọ́n dí gbogbo ojú ihò rẹ̀ nítorí AC, gáréèjì sì lẹ̀ mọ́ ilé. Èéfín tó bá wọlé kò rọ́nà jáde. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀, ò rùn, kò láwọ̀, orí fífọ́ àti oorun ló máa ń kó bá ènìyàn. Nígbà ìjì Laura ní Louisiana lọ́dún 2020, àwọn tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa pọ̀ ju àwọn tí igi wó pa lọ.

Lẹ́yìn Beryl, bọ̀dá kan pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, ṣùgbọ́n orí ń fọ́ gbogbo wa." Mo ní ibo ló wà. Ó ní gáréèjì, pé òun ká ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, ìwọ̀n tí ọmọ ọwọ́ lè rá gbà. Mo ní kó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ jáde báyìí báyìí, kó pe 911. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Ṣé kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ gba iná tán?" Mo pariwo mọ́ ọn débi tí ajá ilé kejì fi ń gbó. Wọ́n jáde, wọ́n yè. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní tó bá wà níta, wọ́n á jí i. Ẹ ra ṣéènì! Ẹ dè é mọ́ igi! Ó kéré tán, kó jìnnà sílé ní ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín kọjú síta, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide bá ti wọlé sẹ́nu yàrá, èyí tó ń lo bátìrì.

Ìyẹn ò tíì dùn mí tó wáyà olórí méjì. Ẹ mọ̀ ọ́n: wáyà tí eyín wà ní ìhà méjèèjì, tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ kí gbogbo ilé lè tàn. Bí orí kan bá yọ lára ògiri, iná wà ní eyín rẹ̀ lójú ọmọdé. Bí ẹ bá gbàgbé láti pa breaker ńlá, iná yín á gba mítà jáde lọ bá ẹ̀rọ orí òpó (transformer), ibẹ̀ ló ti ń di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòlù. Ta ló wà lórí òpó? Òṣìṣẹ́ tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá bá yín tún iná ṣe. Ẹni tí kì í lo jẹnẹrétọ̀ láìsí changeover ní Ìbàdàn, ó dé Texas, ó ní interlock, ìdènà tí kì í jẹ́ kí iná òpó àti ti jẹnẹrétọ̀ wọlé pọ̀, ti wọ́n jù! Ẹ jẹ́ kí oníná tó ní ìwé àṣẹ bá yín ṣe é, lóṣù tí ìjì kankan ò sí.

Ẹ sì yé ra èyí tó tóbi bí ilé torí AC ńlá. Lẹ́yìn ìjì, ilé epo tí kò níná ò lè fa epo, ẹ̀yin lẹ máa tò níbi tí wọ́n bá ti ń tà. Ẹ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré oní-inverter, bíi wáàtì 2,000. Á gbé fíríìjì, fáànù, àti AC kékeré ojú fèrèsé ti BTU 5,000 (ìwọ̀n agbára ìtutù rẹ̀) fún yàrá kan. Ẹ jọ sùn níbẹ̀.

Ohun tó wà níta, ẹ kó o wọlé: àga, ike, trampoline. Odó lè dúró, ìjì tó gbé odó kò tíì dé Katy.

Ọ̀rọ̀ insọ́ránsì. Ti ìkún omi tí ìjọba ń tà, ọjọ́ 30 lẹ máa dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ìjì bá wọ Gulf, òkun tó wà níwájú Texas. Ẹ tún wo iye tẹ́yin máa kọ́kọ́ san bí atẹ́gùn bá ba ilé jẹ́. Bó bá jẹ́ 2% lórí ilé 300,000 dọ́là, 6,000 dọ́là nìyẹn, torí náà owó fẹ́ǹsì tó wó, inú àpò yín ló ti máa jáde.

Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn pé àwọn máa tún òrùlé ṣe ńkọ́? Texas kì í fún oníṣẹ́ òrùlé ní láísẹ́ǹsì, ẹnikẹ́ni tó ní àkàsọ̀ lè ní òun ni. Bó bá ní òun máa bá yín fojú fo owó tẹ́ ẹ yẹ kẹ́ ẹ san yẹn, ó ti lòdì sófin láti 2019. Àǹtí kan sanwó ìdajì fún irú wọn. Nọ́ńbà ọkùnrin náà ò lọ mọ́.

Bí iná bá dé, ẹ má ti jẹnẹrétọ̀ pamọ́ tòun ti epo nínú. Èyí tí mo tú kẹ́yìn, epo inú kabúrétọ̀ rẹ̀ ti dì bí oyin, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá ti dí pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìjì kan péré ni wọ́n fi í lò. Ethanol wà nínú epo ibí, kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹ ti ẹnu ọ̀nà epo, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú táǹkì rẹ̀ àti nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dà á sínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi lọ síṣẹ́.