Nígbà Tí Nǹkan Ọmọkùnrin Bá Ń Rẹ̀yìn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Agbègbè Òṣogbo

Lẹ́yìn ìpàdé, tí a ti pín igi ẹ̀gẹ́ tuntun tán, tí oníkálukú ti ń gun ọ̀kadà lọ, bàbá kan ṣáà máa ń kù sẹ́yìn. Á tún fìlà ṣe. Á bèèrè ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ tí a ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó bá rí i pé kò sẹ́ni tó súnmọ́ wa mọ́ ni yóò wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá àgírìkì, ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ jọ̀ọ́..." Mo ti máa ń mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀. Ní Òkè-Baálẹ̀ ni o, ní ọ̀nà Ìlobùú ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ni: nǹkan ọmọkùnrin tí kò fẹ́ dìde mọ́. Iṣẹ́ oko ni wọ́n rán wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ nílé, ebè rẹ̀ kì í tọ́ lóko. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà á fún un. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ o.

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1987 sí 1989, wọ́n bi àwọn ọkùnrin tó jẹ́ ẹni 40 ọdún sí 70 léèrè, ó sì lé ní ìdajì wọn tó ní ìṣòro yìí, yálà díẹ̀ tàbí púpọ̀. Nítorí náà, ẹ má rò pé ayé ló ń ṣe yín, ẹ má sì fura sí orogún ìyá yín.

Èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ orí, àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀

Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, nǹkan á máa falẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ojú lásán ti tó láti gbé e dìde. Ní báyìí ó ń fẹ́ kí ọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì fún un láyè. Kì í le bíi ti ọmọ ogún ọdún mọ́. Àtọ̀ á dínkù, ìsinmi tó wà láàárín ẹ̀ẹ̀kìíní sí ẹ̀ẹ̀kejì á sì gùn, nígbà mìíràn ó lè di ọjọ́ kejì. Bí ẹni ọdún 65 bá ní òun kò lè ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lóru kan mọ́, àìsàn kọ́ nìyẹn. Ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí kò bá dìde rárá, tàbí tó ń dìde tó sì ń kú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí èyí sì ti ń lọ bí oṣù mẹ́ta, ẹ má da ẹ̀bi rẹ̀ lé ọjọ́ orí lórí. Ohun kan wà tó ń fà á.

Ẹ kíyè sí ara yín ní ìdájí. Ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ ń le nígbà tó bá jí láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ṣiṣẹ́ nígbà tó wà pẹ̀lú ìyàwó, iṣan rẹ̀ ṣì dára. Inú ọkàn ni kó wò: gbèsè, ìjà ilé, òkú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, ẹ̀rù pé kò ní ṣiṣẹ́ bíi ti ìjẹta. Irú èyí sábà máa ń dé lójijì. Èyí tó bá jẹ́ ti ara máa ń yọ́ wọlé ni, díẹ̀díẹ̀, ti ìdájí náà á sì máa lọ.

Rọ́bà omi

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín. Ẹ ti gbé pọ́ǹpù sílẹ̀, rọ́bà ńlá ń fa omi bọ̀, ẹ wá pín in sí wẹ́wẹ́ lọ sórí ebè kọ̀ọ̀kan. Tí ẹrẹ̀ bá wọ inú omi, èwo ló máa kọ́kọ́ dí? Rọ́bà tó tín-ín-rín jù ni. Ti ńlá á ṣì máa tú omi, ẹni tó bá dúró síbi pọ́ǹpù á ní kò sí nǹkan tó ṣe oko. Ẹni tó bá lọ wo tẹ̀tẹ̀ tó wà ní ìkángun ló máa rí i pé ó ti ń rọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an lara wa rí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ nǹkan ọmọkùnrin ló ń gbé e dìde. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ ní fífẹ̀; èyí tó ń bọ́ ọkàn tó mìlímítà 3 sí 4. Tí ìdọ̀tí bá ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan, ti ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì lè sọ ọ́ fún ọdún bíi mélòó kan kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun ni. Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo bàbá tó ń ka ìwé yìí dúró sí nìyí. Nǹkan yín tó ń rẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀tá, ońṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ń fi paraga pa ońṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ẹrẹ̀ tó ń dí iṣan kò pọ̀ jù: ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ló burú jù, torí pé yàtọ̀ sí iṣan, ó tún ń ba okùn ìmọ̀lára jẹ́. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ yín lọ́pọ̀ ìgbà tó ń jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ṣúgà tí wọ́n wọ̀n láàárọ̀ láìjẹun, tó bá ti di 126 (mg/dL), àfi kí dókítà gbọ́ sí i. Fún ìbàdí, ẹ yá tépù lọ́wọ́ télọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n gba orí ìdodo; tó bá ju íńṣì 40 lọ, ikùn náà wà lára ohun tó ń bá yín jà.

Ọ̀rọ̀ kan tún rèé tí mo máa ń tẹnu mọ́. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, pàápàá èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ púpọ̀, tó lè mú nǹkan ọmọkùnrin rọ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá ti gbọ́ èyí, wọ́n sì dá oògùn náà dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Rọpárọsẹ̀ ló ń dúró de irú wọn lọ́nà. Ẹ sọ fún dókítà ní gbangba pé oògùn yìí ń dí yín lọ́wọ́ nínú yàrá. Òmíràn wà tó lè fi rọ́pò rẹ̀.

Paraga, èpo igi, àti kóró búlúù

Ẹ dé gáréèjì èyíkéyìí nílùú yìí ní aago méje àárọ̀. Tábìlì kékeré kan, ìgò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, èpo igi pupa nínú òmíràn, egbò dúdú nínú òmíràn, ife tí kò ju àtàǹpàkò lọ. "Bàbá, ti jẹ̀díjẹ̀dí àbí ti àlekó?" Bàbá á nawọ́ sí ti àlekó, á dá a sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, á ṣe ojú fíránfírán, á sì wọ mọ́tò oko.

Ọtí ló wà nínú ife yẹn. Ọtí máa ń kọ́kọ́ fún èèyàn láyà, lẹ́yìn náà á gba agbára. Ẹni tó bá sì ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, á ba ẹ̀dọ̀ àti okùn ìmọ̀lára rẹ̀ jẹ́, omi tó ń jẹ́ kí ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin nínú ẹ̀jẹ̀ á sì dínkù. Burantashi, èpo igi tí àwọn Hausa ń tà, ní èròjà kan nínú tó ń mú ọkàn sáré, tó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀, kò yàtọ̀ sí kéèyàn da epo sí iná.

Mi ò ní agbo ò dára. Èmi náà ń mu agbo ibà. Àwọn àgbà pàápàá ní ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí tó ń pa ọkùnrin, ẹ ò sì lè sọ pé wọn ò ríran: ọ̀nà ìtọ̀ ṣúgà ni ohun dídùn náà ń gbà wọlé, wọ́n kàn sọ ọ́ lórúkọ mìíràn ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àgúnmu tí ẹlòmíràn ti lọ kóró òyìnbó mọ́. Àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti rí irú rẹ̀ léraléra. Tí "egbòogi lásán" bá ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan bí idán, ẹ fura.

Kóró òyìnbó yẹn, sildenafil, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Viagra, jáde ní 1998. Oògùn àyà dídùn ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi rí i. Àwọn tó ń dán an wò ni wọ́n fi sọ ohun mìíràn tó ń ṣe. Oògùn gidi ni, tí dókítà bá kọ ọ́, tí ẹ sì rà á ní kẹ́míìsì tí òǹkà NAFDAC wà lára páálí rẹ̀. Bíi wákàtí kan ṣáájú ni wọ́n ń lò ó, ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́. Iyán tó ní ọbẹ̀ ọlọ́ràá lẹ́gbẹ̀ẹ́ á dá a dúró. Tí ara ò bá sì fẹ́, kò ní dìde.

Ẹni tó ń lo oògùn àyà tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, tàbí èyíkéyìí tí wọ́n kọ "nitrate" sí lára páálí rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn méjèèjì pọ̀ á já ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ débi pé ó lè kú lórí ẹní. Tí nǹkan bá sì dìde tí kò rọ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lóru náà.

Oko, oúnjẹ, àti fífún ìdí

Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i. Ẹ sùn dáadáa. Àgbẹ̀ tó ti fi oko sílẹ̀ fún ọmọ, tó wá ń ta ayò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó máa dìde rìn fún ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìrìn tó ń mú òógùn jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fín oògùn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ṣòkòtò gígùn, ẹ má jẹ́ kí táǹkì ẹ̀yìn máa jò sí yín nídìí. Lọ́dún 1977 ní California, wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe oògùn aràn inú ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ DBCP kò ní ọmọ nínú àtọ̀ mọ́.

Àṣírí kan tún wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ fún iṣan ìdí bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró lójijì, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀ fún márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ lè ṣe é lórí àga ìpàdé wa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ fún un tó oṣù mẹ́ta kí ẹ tó ní kò ṣiṣẹ́.

Ìyá ilé

Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń kúrò lórí ẹní ọkọ nígbà tí ọmọ wọn bá ti bímọ. Wọ́n ní kò yẹ kí ìyá àti ọmọ jọ máa lóyún. Àṣà ni, ìyá tó bá yàn án kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró pátápátá nítorí ọjọ́ orí kò lè lóyún mọ́, nítorí náà ohun tí wọ́n torí rẹ̀ sá kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, ìrora ló ń lé e sá, torí pé ojú ara máa ń gbẹ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Jẹ́lì olómi wà ní kẹ́míìsì fún èyí. Bàbá tó lọ ń bínú lójú ọ̀nà láìbèèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ara rẹ̀ ló fìyà jẹ. Ẹ jókòó, ẹ bèèrè: "Ṣé ó ń dùn yín?"

Èyí tó wá lọ ń dán ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ọmọge níta, kó mú kọ́ńdọ̀mù dání. Àtọ̀sí àti HIV ò bèèrè ọjọ́ orí.

Ìtọ̀ òru

Tí ẹ bá ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru, tí ìtọ̀ ń kán tó-tó-tó dípò kó ya, kókó tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, tí wọ́n ń pè ní pírósítéètì, lè ti wú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wíwú lásán ni. Nígbà mìíràn jẹjẹrẹ ni, ó sì ń mú aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ. Láti ọdún 45, tàbí 40 tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní i, ẹ bi dókítà nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tàbí ìtọ̀ tó kọ̀ láti jáde pátápátá: ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà, ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín ti tó. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Aṣùbíàrọ̀, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti UNIOSUN. Tí ẹ bá ń lọ fún àyẹ̀wò ṣúgà láàárọ̀, ẹ má jẹun láti alẹ́, omi nìkan ni kí ẹ mu. Tó bá jẹ́ ọmọdébìnrin ni nọ́ọ̀sì tó jókòó, tí ojú ń tì yín, ẹ ní ọkùnrin ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, títí kan ìgò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó ò mọ̀ sí.