Dáàmù Ìlú Wa Ti Darúgbó, Ẹ Jẹ́ Ká Máa Yẹ̀ ẹ́ Wò

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá tó ń pọnmi, ẹ̀yin tí oko yín wà nísàlẹ̀ odò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ dáàmù, ìyẹn ògiri tí wọ́n fi sé odò, tó wà lọ́dọ̀ wa ti pẹ́ gan-an, ti Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn, 1942 ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó dàgbà ju èmi àti ẹ lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 tí òjò dé tí kò dá, omi kún bo ibẹ̀, ilé lọ, èèyàn lọ. Ti Alau lẹ́bàá Maiduguri náà já ní oṣù kẹsàn-án 2024, omi ya wọ ìgboro. Dáàmù kì í sábà ṣàdédé já, ó máa ń fi àmì hàn, àwa la kì í wò ó.

Àmì tó burú jù rè é. Dáàmù tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ mọ, kò sí èyí tí omi kì í sun díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Tí omi yẹn bá mọ́ gaara, tí ò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ ṣáà máa ṣọ́ ọ. Àmọ́ tó bá ti ń pọ́n, tó ń gbé ẹrẹ̀ jáde, a jẹ́ pé inú ògiri lomi ń gbẹ́ lọ, ihò yẹn ò ní hàn síta, ìgbà tó bá fi máa hàn ó ti pẹ́ jù. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ á rì sísàlẹ̀. Ẹ ri igi kéékèèké mọ́ etí ibi tó tutù, tí ọ̀sẹ̀ bá yí po kẹ́ ẹ wò ó bóyá omi ti kọjá igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sìmẹ́ńtì dí i o! Omi tẹ́ ẹ bá dí níhìn-ín á wá ibòmíì gbà ni. Ẹnjiníà ló máa da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀ bó ṣe yẹ, kómi lè máa jáde kí iyẹ̀pẹ̀ má bá a lọ.

Spillway, ibi tí omi àpọ̀jù ń gbà kọjá, òun lọ̀nà ọ̀fun dáàmù. Àwọn kan á fi pákó dí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kómi lè pọ̀, apẹja á ta àwọ̀n sí i, òjò á wá dé, omi á gorí ògiri, á sì máa wọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ. Ojú oró ló ń lékè omi, a gbà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lékè spillway. Ẹ kó o kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ti igi ńkọ́? Ẹ máa gé koríko ara ògiri mọ́lẹ̀, kí ojú lè rí ihò, ẹ sì fa igi kéékèèké tu. Igi ńlá, ẹ má dá a wu o, gbòǹgbò ẹ̀ tó bá jẹrà máa di ọ̀nà omi, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọdẹ tẹ́ ẹ ń wa òkété lára ògiri, pàkúté lẹ dẹ, ẹ má fọkọ́ wà á, kẹ́ ẹ wá fi amọ̀ gún ihò ẹ̀ pa. Mo ti rí ibi tẹ́nì kan kọ ebè ẹ̀gẹ́ sórí dáàmù, ẹ̀gẹ́ yẹn ta dáadáa, ẹ̀rù ló bà mí. Màlúù ò gbọdọ̀ sọ ibẹ̀ dọ̀nà, tipa ò sì gbọdọ̀ wa yanrìn lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Ẹ yan èèyàn méjì tí á máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ojoojúmọ́ tójò bá ń rọ̀ gan-an, kí wọ́n máa yàwòrán ẹ̀ sórí fóònù. Tí wọ́n bá rí omi pípọ́n lóru, kí wọ́n má dúró de ìpàdé kankan, kí wọ́n lu agogo, kí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì pariwo lórí ẹ̀rọ, káwọn ará ìsàlẹ̀ odò gòkè lọ pẹ̀lú ọmọ wọn, lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n wá pe ẹnjiníà.