Búrẹ́dì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́: láti inú odó dé orí eérú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ ṣe búrẹ́dì bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Íjíbítì láyé àwọn Fáráò, orí ìyẹ̀fun ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í. Kí ìyẹ̀fun tó délẹ̀, iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ti parí.

Emmer ni ọkà wọn, irú àlìkámà kan tí èèpo rẹ̀ kì í fẹ́ bọ́. Bó ti wù kí ẹ pa á tó, ṣírí rẹ̀ á kàn já sí wẹ́wẹ́ ni. Hóró méjì-méjì á ṣì wà nínú èèpo líle. Ẹ má gbé e sórí ọlọ bẹ́ẹ̀ o. Èèpo á lọ̀ mọ́ ọn, búrẹ́dì náà á sì máa ha yín lọ́fun.

Odó ló kàn. Ní abúlé àwọn òṣìṣẹ́ ní Amarna, ìlú àtijọ́ kan ní Íjíbítì, odó òkúta ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ilé, igi sì ni ọmọ odó. Ẹ da kìlógíráàmù kan ọkà eléèpo sínú odó, kí ẹ wọ́n omi sí i títí gbogbo rẹ̀ á fi rin, àmọ́ kó má rẹ. Omi yìí làṣírí ibẹ̀. Delwen Samuel, onímọ̀ tó gún emmer nínú irú odó bẹ́ẹ̀ láti dán an wò, rí i pé èèpo tó rin máa ń bọ́ tí hóró á sì wà lódindi. Tó bá gbẹ, hóró á fọ́ mọ́ èèpo. Torí náà, ẹ má gún un bí ẹni tí ń gúnyán. Ẹ rọra gún un, kí èèpo máa ra ara wọn. Tí ẹ bá bu ìkúnwọ́ kan, tí hóró ń yọ̀ bọ́ láàárín ìka yín, ó ti tó. Ẹ sá a kó gbẹ, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ kù ú, kí ẹ fọwọ́ ṣa ìyókù. Bí ìdámẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ á bá èèpo lọ.

Lóṣooṣù, òṣìṣẹ́ ní Deir el-Medina, abúlé àwọn tó ń gbẹ́ ibojì ọba, ń gba khar 4 emmer, àti khar kan ààbọ̀ ọkà bálì fún ọtí. Khar kan tó nǹkan bíi lítà 76. Ẹ wá wo iye ìgbà tí ọmọ odó á lọ sókè sódò kí ilé kan tó jẹun! Nígbà tí ọkà ò dé lásìkò ní ọdún 29 ìjọba Fáráò Ramesses Kẹta, ṣe ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọlọ wọn kì í yí. Láyé àwọn tó kọ́ píràmíìdì, ilẹ̀ ló ń wà, obìnrin á sì kúnlẹ̀ tì í. Nígbà tó yá, wọ́n mọ pèpéle sábẹ́ rẹ̀ tó ga dé itan, èèyàn á wá lè dúró lọ̀ ọ́. Ìkúnwọ́ kan péré ni kí ẹ máa dà sókè ọlọ, kí ẹ fi gbogbo ara ti ọmọ ọlọ, kì í ṣe apá nìkan. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ọkà á dà sílẹ̀ láì lọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé wọ́n ń bu yanrìn sí i kó lè yá. Kò rí bẹ́ẹ̀: emmer ń kúnná dáadáa láìsí yanrìn. Yanrìn tó jẹ eyín wọn dé ìdí, ara òkúta àti inú afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ló ti ń wá. Tí ọlọ yín bá jẹ́ tuntun, ẹ lọ ìkúnwọ́ méjì dànù ná.

Fún gíráàmù 500 ìyẹ̀fun, ẹ lo mìlílítà 450 omi àti gíráàmù 100 ìwúkàrà, ìyẹn ìyẹ̀fun pípò àná tó ti kan. Emmer kì í fà bí àlìkámà òde òní, nítorí náà ẹ rò ó pọ̀ ni, ẹ má pò ó títí. (Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì àtijọ́, ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń po tiwọn.) Tó bá ti ń hó, tó sì wú díẹ̀, ó yá. Ẹ má dúró kó di ìlọ́po méjì, á rì.

Ìkòkò búrẹ́dì wọn, bedja, nípọn, ó sì rí bí agogo. Àwòrán inú ibojì Ti, ìjòyè kan láyé àtijọ́, ní Saqqara fi hàn bí wọ́n ṣe ń to òfìfo rẹ̀ lérí ara wọn sórí iná. Ìkòkò amọ̀ tí wọn ò kùn níbi kankan ni kí ẹ wá, méjì tí ẹnu wọn bára mu. Ẹ fi ọ̀rá pa inú rẹ̀, kó gbẹ dáadáa, torí ìkòkò tútù máa ń sán lórí iná. Ẹ yá a díẹ̀díẹ̀ títí omi tí ẹ bá kán sí i á fi ta pàràpàrà. Ìkòkò tí kò gbóná tó ló ń mú kí búrẹ́dì lẹ̀.

Ẹ rì í mọ́ eérú gbígbóná, ẹ da ìyẹ̀fun pípò náà sí i dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ fi ìkòkò kejì tó ti gbóná dé e lórí, kí ẹ wá wa ògúnná yí i ká. Ó tó wákàtí kan kí ẹ tó ṣí i. Tí ìdí rẹ̀ bá jóná tí àárín ṣì rọ̀, ìdérí ni kò gbóná tó. Ògúnná òkè ni kí ẹ fi kún, kì í ṣe tìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dojú rẹ̀ dé. Á wúwo, á kan díẹ̀, èèpo rẹ̀ á sì le. Ó máa ń dùn jù lọ́jọ́ kejì.