Bí mo ṣe pín ṣíìpù 8 sórí bọ́ọ̀dù 2

Ṣíìpù 8 ló wà nínú sákíìtì kan tí mo ń tò. Bọ́ọ̀dù 2 tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní Kàbbà, 4 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Wáyà tó sọdá láti bọ́ọ̀dù kan sí èkejì ni ìṣòro: ojú ibi tí a fi léèdì jó o mọ́ ló kọ́kọ́ máa ń já. Bí ẹbí tó pín sí Kàbbà àti Ìyárà ló rí, owó ọkọ̀ kì í tán. Ọ̀nà tí Kernighan àti Lin, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, gbé jáde ní 1970 láti dín irú wáyà bẹ́ẹ̀ kù ni mo lò. Iná ti lọ, nítorí náà bírò àti ìwé ni mo fi ṣe é.

Mo kọ́kọ́ yọ wáyà tó ń gbé iná wọlé àti ti grándì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà) kúrò. Gbogbo ṣíìpù ló ń lò wọ́n. Bí a bá kà wọ́n mọ́ ọn, ìṣirò á dàrú. Wáyà 11 ló ṣẹ́kù (lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ṣíìpù kan; A-B ni wáyà tó so A mọ́ B): A-B, A-C, B-C, B-D, C-D, D-E, E-F, E-G, F-G, F-H, G-H.

Mo kàn kó A, B, E, F sí òsì, C, D, G, H sí ọ̀tún. Wáyà 7 sọdá.

Lẹ́yìn náà, mo ka iye wáyà ṣíìpù kọ̀ọ̀kan tó sọdá, mo yọ iye èyí tó wà nílé (lórí bọ́ọ̀dù kan náà) kúrò nínú rẹ̀. Ti E: 2 sọdá (D àti G), 1 wà nílé (F), ó ku 1. C náà, 1. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ ṣíìpù méjì, a ó ro iye wọn pọ̀; ìyẹn ni èrè, iye wáyà tó sọdá tó máa dín kù. Ṣùgbọ́n tí wáyà bá so àwọn méjèèjì, ẹ yọ 2 kúrò, torí wáyà yẹn á ṣì sọdá. Ibí yìí lèèyàn ti ń ṣìnà jù: B àti C ní 1 lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ òdo ni èrè wọn.

Mo fi E pààrọ̀ C: èrè 2, ó ku 5. Mo ti àwọn méjèèjì pa (mi ò ní sún wọn mọ́), mo tún iye àwọn yòókù ṣe. F ti di 3! Òun àti D mú èrè 4 wá. Ó ku wáyà 1, D-E.

Ẹ má tíì dúró níbẹ̀. Mo pààrọ̀ A àti H (−4), lẹ́yìn náà B àti G (−2). Àròpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 2, 6, 2, 0. Mo padà síbi 6, èyí tó ga jù, mo sì fagi lé ìyókù. Agbára ọ̀nà yìí nìyẹn: nígbà mìíràn, gbèsè kan ló ń ṣílẹ̀kùn fún èrè ńlá.

Fún sákíìtì oníṣíìpù ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ lo ọ̀nà tí Fiduccia àti Mattheyses gbé jáde ní 1982. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń sún, kò ní kí ẹ pààrọ̀ méjì. Wáyà tó kan ṣíìpù mẹ́ta, ẹyọ kan ló kà á sí.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ lè tan èèyàn, nítorí náà mo tún un ṣe láti A, C, E, G lódì sí B, D, F, H. Mo pààrọ̀ E àti B, mo pààrọ̀ G àti D: wáyà 1 yẹn náà ló kù.